Ọ̀rọ̀ Ogún Lójú Alààyè

Ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo ilé mọ̀, tí kò sì sí ẹni tí í sọ ọ́ jáde. Bàbá ti dàgbà, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ọ̀pá ti di ẹsẹ̀ kẹta fún un. Ó ní ilé, ó ní oko kòkó, ó ní ìwé báǹkì nínú àpótí; ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ àwọn kan ní gbèsè, tàbí kí àwọn kan jẹ ẹ́. Nígbà ọdún àwọn ọmọ á wá kí i, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á jẹ, wọ́n á mu, wọ́n á sì padà sí ibi iṣẹ́ wọn. Kò sí èyí tí yóò bi í léèrè pé, "Bàbá, báwo ni ẹ ṣe fẹ́ kí a ṣe ilé yìí lẹ́yìn yín?" Bí ọ̀kan nínú wọn bá gbójúgbóyà béèrè, àwọn yòókù yóò ní ojú ogún ni ó fi ń wo baba rẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ lè dáhùn pé òun kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń lọ.

Ìbéèrè tó wà nídìí èyí kì í ṣe ti òfin nìkan. Ti ìwà ni. Ṣé ọ̀wọ̀ ni dídákẹ́ yìí í ṣe, tàbí ẹ̀rù ni, tí a fi aṣọ ọ̀wọ̀ bò? Ṣé ọmọ ni ó yẹ kí ó béèrè, àbí àgbà ni ó yẹ kí ó sọ kí a tó bi í? Bí ìjà bá sì dé lẹ́yìn tí àgbà ti kú, ta ni ó dá a sílẹ̀: àwọn tó ń jà, tàbí ẹni tó lè sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kì bá ti sí ìjà, tí kò sì sọ ọ́?

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó tọ́ kí a rántí pé àwọn baba ńlá kì í ṣe aláìgbọ́n tí wọn kò fi kọ ìwé ìhágún. Kò sí ohun tí wọn ìbá fi í ṣe. Ilẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan. Ti ẹbí ni, ẹni tó sì ń dáko lórí rẹ̀ kò ní ohun púpọ̀ láti há ju irè oko àti ohun èlò rẹ̀ lọ. Bí ó bá ku ohun kan tó wù ú láti sọ, yóò pe àwọn àgbà ilé jọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹní rẹ̀, yóò sì sọ ọ́ lójú wọn pé kí a fún lágbájá ní ìbọn òun, kí a má sì gba igi obì báyìí lọ́wọ́ làkásègbè. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa múlẹ̀, nítorí ẹnu àgbà ni obì ti í gbó. Títí di òní, ilé ẹjọ́ ní Nàìjíríà gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu tí ènìyàn sọ bẹ́ẹ̀ lè dúró lábẹ́ àṣà, bí ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbà gbọ́ bá wà, tí ẹni tó sọ ọ́ sì mọ ohun tó ń sọ.

Bí kò bá sọ ohunkóhun, àṣà ti sọ ọ́ fún un. Ẹbí yóò jókòó lẹ́yìn ìsìnkú, olórí ẹbí yóò sì pín ohun tó ṣeé pín. Dídákẹ́ ìgbà náà kì í ṣe dídákẹ́ òfìfo. Ohùn gbogbo ìlú ni ó wà nínú rẹ̀.

Ohun tó yí padà kì í ṣe ìwà àwọn ọmọ, bí ọ̀pọ̀ àgbà ti fẹ́ràn láti máa wí. Ohun ìní ni ó yí padà. Olùkọ́ kan fi owó oṣù ọgbọ̀n ọdún ra ilẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí ní Kàdúná, ó sì kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin sí i. Nígbà tó wà láàyè, tirẹ̀ ni. Ó lè tà á láìbi ẹ̀gbọ́n léèrè. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé òfin àṣà Yorùbá ni ó kan ogún rẹ̀, tí ó sì kú láìkọ ìwé, lọ́jọ́ náà ni ilé yẹn di ohun ìní àwọn ọmọ rẹ̀ lápapọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹbí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè nàka sí yàrá kan kí ó ní tòun ni láti tà. Oorun òru ọjọ́ kan ni ó sọ ohun ẹnì kan di ohun ènìyàn mẹ́sàn-án.

Ẹjọ́ tí àwọn adájọ́ ti ń tọ́ka sí lórí èyí láti ìgbà pípẹ́ ni ti Lewis àti Bankole, tí wọ́n gbọ́ ní Èkó láàárín ọdún 1908 sí 1909, lórí ilé ìjòyè kan tí ń jẹ́ Mabinuori tó ti kú láti ọdún 1874. Ilé ẹjọ́ gbà pé ilé ẹbí ni ilé náà. Ó tún gbà pé bí dáwódù tó jẹ́ olórí ẹbí bá kú, ọmọ tó dàgbà jù lọ nínú àwọn tó kù láàyè ni olórí ẹbí, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Ìdájọ́ yìí ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Síbẹ̀ àwọn tí ń fọwọ́ sọ̀yà nínú ìpàdé ẹbí pé obìnrin kò lè ṣe olórí ẹbí láyé Yorùbá kò tíì tán nílẹ̀. Ti títà ilé ẹbí náà kò fara sin: bí àwọn ọmọ ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí, títà náà kò jẹ́ nǹkan kan, bí olórí ẹbí bá sì tà á láìgba ohùn àwọn àgbààgbà ẹbí, wọ́n lè mú un padà bí wọ́n bá tètè lọ sí kóòtù. Èyí ti dúró láti ìgbà ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní ọdún 1959.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni pípín. Ìdí-igi ni pípín ogún sí iye ìyá tó bímọ fún olóògbé. Orí-ò-jorí ni pípín in sí iye ọmọ. Bí ọkùnrin kan bá ní ìyàwó mẹ́ta, tí ìyáálé bí ọmọ kan ṣoṣo, tí ìyàwó kejì bí mẹ́fà, tí ìkẹta bí méjì, tí owó tó ń wọlé lórí ilé rẹ̀ lọ́dún sì jẹ́ 1,800,000 náírà, ìdí-igi yóò fún ìdí kọ̀ọ̀kan ní 600,000. Ọmọ ìyáálé yóò mú 600,000 ní òun nìkan. Àwọn ọmọ mẹ́fà yóò mú 100,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ méjì yóò mú 300,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ orí-ò-jorí ni, 200,000 ni ti olúkúlùkù.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ìṣirò yìí a máa kígbe pé ìdí-igi kò dára. Kí ó rọra. Ìyáálé tó bí ọmọ kan yẹn ni ó bá ọkọ rẹ̀ jìyà nígbà tí kò sí nǹkan. Òun ni ó ru amọ̀ ilé àkọ́kọ́, òun ni ó sì fi owó ọjà rẹ̀ fẹ́ ìyàwó kejì fún ọkọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ìyáálé ti ṣe. Ìdí-igi ń rántí àwọn ìyá. Orí-ò-jorí ń rántí àwọn ọmọ. Ọ̀kan ń wo ẹni tó ti ṣiṣẹ́ kọjá, èkejì ń wo ẹni tí ebi yóò pa lọ́la. Ọ̀nà òdodo ni méjèèjì, wọn kò sì lè gbé inú àpò owó kan pọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ó gbé ẹjọ́ Dawodu àti Danmole sọdá òkun. Ọkùnrin ará Èkó kan kú láìkọ ìwé. Ó bí ọmọ mẹ́sàn-án fún ìyàwó mẹ́rin. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà ní orí-ò-jorí ni ó bá ayé òde-òní mu. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fún ìjọba àpapọ̀ dá a nù ní ọdún 1958. Ní ọdún 1962, Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù fi àṣẹ sí i pé ìdí-igi ni àṣà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n pé olórí ẹbí lè lo orí-ò-jorí níbi tó bá rí i pé yóò pa iná ìjà. Ìdájọ́ ọlọ́gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á kò lè ṣàì wo àlàfo tó wà láàárín rẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó mọ àwọn ìyàwó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ àti ẹni tí kò ṣe, tó mọ ọmọ tí ara rẹ̀ kò le àti èyí tó ti ní tirẹ̀. Ọkùnrin náà kò wí nǹkan kan, ó sì wá di pé àwọn adájọ́ ní ìkángun òkun kejì ni ń bá a ronú.

Nínú gbogbo àwọn tí dídákẹ́ yìí ń pa lára, ti opó ni ó pọ̀ jù. Nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu ní ọdún 1957, ilé ẹjọ́ sọ pé òfin tó dájú ni láàárín àwọn Yorùbá pé ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Òótọ́ ni pé àṣà wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àṣà ń wí bẹ́ẹ̀, kò fi opó sílẹ̀ lásán: a máa ń ṣú u lópó, àbúrò ọkọ a gbé e, ẹnu rẹ̀ àti ara rẹ̀ sì di ẹrù ẹni náà. Ọ̀pọ̀ ẹbí ti fi ṣíṣú opó sílẹ̀ báyìí, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí obìnrin kì í ṣe ẹrù. Àmọ́ ẹbí kan náà tó ju ṣíṣú nù di àìjogún mú ṣinṣin. Wọ́n gé àṣà sí méjì, wọ́n mú ìdajì tó ṣe wọ́n láǹfààní, wọ́n sì ń fi orúkọ àwọn baba ńlá jẹ́rìí sí i. Bí ohun kan bá yẹ kí a pè ní àìmọ àṣà, èyí ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo obìnrin tó ta gààrí fún ogún ọdún, tó sì fi owó èsúsú ra páànù tí wọ́n fi bo ilé. Kò gba rìsíìtì. Ta ni í gba rìsíìtì lọ́wọ́ ọkọ? Lọ́jọ́ tí ẹjọ́ bá dé, kóòtù yóò béèrè ẹ̀rí, ẹ̀rí kan ṣoṣo tó wà sì ni ẹnu ọkọ, ilẹ̀ sì ti bò ó. Bí ó bá bí ọmọ fún un, àwọn ọmọ lè dáàbò bò ó. Bí kò bá bí, ọwọ́ àánú ẹlòmíràn ni ó bọ́ sí. Bí ó bá jẹ́ ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ni wọ́n ṣe, ní kóòtù tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ, òfin ní ìpín fún un. Ṣùgbọ́n ìyàwó mélòó ni ó mọ irú ìgbéyàwó tí òun ṣe gan-an? Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí wọ́n mú ìwé wá.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Olùkọ́ tí wọ́n bá gbé lọ sí ìlú mìíràn yóò bá a níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Ẹ̀dó, ilé tí bàbá gbé inú rẹ̀ títí ó fi kú ni wọ́n ń pè ní Igiogbe, àkọ́bí ọkùnrin ni ó sì ni ín. Nínú ẹjọ́ Idehen ní ọdún 1991, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé bàbá kò lè fi ìwé ìhágún gbé ilé náà fún ẹlòmíràn, nítorí òfin ìhágún ti Ìwọ̀-Oòrùn ti ọdún 1958 fi gbogbo ìwé bẹ́ẹ̀ sábẹ́ àṣà. Ní ilẹ̀ Ìgbò, àṣà ọ̀pọ̀ ìlú ni pé ọmọbìnrin kì í jogún baba rẹ̀. Ní ọdún 2014, nínú ẹjọ́ Ukeje, ilé ẹjọ́ kan náà sọ pé àṣà yẹn tako abala 42 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999. Ní Gánà, níbi tí àwọn Akan ti ń jogún láti ìdí ìyá, tí ohun ìní ọkùnrin fi ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ arábìnrin rẹ̀, ìjọba ṣe òfin ní ọdún 1985 pé bí ènìyàn bá kú láìkọ ìwé, ìyàwó tàbí ọkọ àti àwọn ọmọ ni yóò kọ́kọ́ ní ilé àti ohun èlò inú ilé. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọba kan wá sọ ohun tí àwọn bàbá kò sọ.

Àwọn Mùsùlùmí lè ní ti àwọn kò nira, nítorí Kùráànì ti ya ìpín sọ́tọ̀. Bí ọmọ bá wà, ìdá mẹ́jọ ni ti ìyàwó, ìbáà ṣe ọ̀kan, ìbáà ṣe mẹ́rin ni wọ́n jọ pín in. Bí ọmọ kò bá sí, ìdá mẹ́rin ni. Ọmọkùnrin ń gba ìlọ́po méjì ti ọmọbìnrin. Ohun tí ènìyàn lè há fún ẹni tí kì í ṣe ajogún kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́ta lọ. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ pípín ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè ni a ń kọ́kọ́ san kí a tó pín, ta ni ó sì mọ gbèsè bí kò ṣe ẹni tó jẹ ẹ́? Ta ni ó mọ̀ pé ilẹ̀ tó wà lórúkọ rẹ̀ jẹ́ ohun tí ọ̀rẹ́ fi pamọ́ sí i lọ́wọ́? Ìpín tí Ọlọ́run là sílẹ̀ kò gba àgbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ sísọ.

Ìwé ìhágún fúnra rẹ̀ kò le bí ọ̀pọ̀ ti rò. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1837, tí òfin àwọn ìpínlẹ̀ tọ ẹsẹ̀ rẹ̀, béèrè pé kí ó wà ní kíkọ sílẹ̀, kí ẹni tó ni ín buwọ́ lù ú lójú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn náà sì buwọ́ lù ú lójú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ pé: kí ó mọ̀ pé ìwé ìhágún ni òun ń ṣe, kí ó mọ ohun tí òun ní, kí ó sì rántí àwọn tó yẹ kí òun rántí. Kò lè há ilé ẹbí, nítorí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ó lè yí ìwé náà padà nígbàkígbà títí tí yóò fi kú. Bí ó bá sì ṣe ìgbéyàwó tuntun lábẹ́ òfin lẹ́yìn tó ti kọ ọ́, ìgbéyàwó yẹn pa á rẹ́.

Pàkúté kan wà nínú rẹ̀ tó ń mú àwọn olóore. Bàbá a máa pe ọmọ tó fẹ́ràn jù, èyí tó ń tọ́jú rẹ̀, kí ó wá ṣe ẹlẹ́rìí, nítorí ta ni a tún lè gbẹ́kẹ̀ lé? Ọmọ náà á buwọ́ lù ú. Nígbà tí bàbá bá kú, ìwé náà yóò dúró, ṣùgbọ́n ohun tó há fún ẹlẹ́rìí yẹn yóò dà nù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tó bá há fún ìyàwó tàbí ọkọ ẹlẹ́rìí. Òfin kò fẹ́ kí ẹni tí yóò jẹ nínú ọ̀rọ̀ jẹ́rìí sí i. Aládùúgbò méjì tí wọn kò ní nǹkan kan níbẹ̀ sàn ju ọmọ mẹ́wàá lọ fún iṣẹ́ yìí.

Àṣìṣe mìíràn sún mọ́ àwọn olùkọ́ fúnra wọn, nítorí gbogbo wọn ni ó ti kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù rí. Báǹkì tàbí ibi iṣẹ́ yóò béèrè orúkọ ìbátan tó sún mọ́ni jù lọ. Ọkùnrin á kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á sì lọ sùn, ó rò pé òun ti ṣètò ọ̀rọ̀ ara òun. Kò ṣètò nǹkan kan. Ẹni tí a ó ránṣẹ́ pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni orúkọ yẹn ń tọ́ka sí. Kò sọ ọ́ di ajogún. Ẹni tó kú láìkọ ìwé, tó sì ní owó ní báǹkì, ẹbí rẹ̀ níláti gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún ní ilé ẹjọ́ gíga kí báǹkì tó tú owó náà sílẹ̀. Ó gba oṣù púpọ̀, ó gba owó, ó sì gba pé kí àwọn tí ń bá ara wọn jà buwọ́ lu ìwé kan náà. Ní àkókò yìí ni owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ń dúró. Ó yẹ kí ìyàwó olùkọ́ mọ̀ pẹ̀lú pé, níbi tí òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ti ń ṣiṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe ìdójútòfò ẹ̀mí òṣìṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta àpapọ̀ owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún kan. A kì í béèrè ohun tí a kò mọ̀ pé ó wà.

Àwọn tó faramọ́ dídákẹ́ ní ìdáhùn, ìdáhùn wọn kò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní bí bàbá bá sọ̀rọ̀, ìjà yóò bẹ̀rẹ̀ lójú rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ tó bá mọ̀ pé ilé kì í ṣe tòun kò ní wá kí bàbá mọ́, èyí tó bá sì mọ̀ pé tòun ni lè máa ka ọjọ́. Ènìyàn ti rí méjèèjì. Àgbà tó fi ilé rẹ̀ fún ọmọ láàyè, tó buwọ́ lù ú, tí ọmọ náà sì wá sọ ọ́ di àlejò nínú yàrá ẹ̀yìn, kì í ṣe ìtàn lásán.

Ṣùgbọ́n fífúnni àti híhágún kì í ṣe ohun kan náà. Ohun tí a bá fúnni tán ti lọ. Ohun tí a há kò tíì kúrò lọ́wọ́ ẹni tó há a. Àgbà tí ń bẹ̀rù àwọn ọmọ rẹ̀ kò níláti fi ilé fún ẹnikẹ́ni lónìí, kò sì níláti ka ìwé rẹ̀ sí wọn létí. Ó lè lẹ̀ ẹ́ pa kí ó sì fi í pamọ́ sí ọ́fíìsì ilé ẹjọ́ gíga tí ń tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí ó máa jẹun rẹ̀ lọ ní àlàáfíà. Ní ti ìjà tí yóò bẹ̀rẹ̀ lójú rẹ̀, ó dájú pé ìjà ni. Àmọ́ adájọ́ tó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ ṣì jókòó sórí àga nínú ilé. Èyí tí ó bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kò ní irú adájọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ikú kò dọ́jọ́, àrùn kò dóṣù.

Àrùn sì ni ó yẹ kí ó ba àwọn àgbà lẹ́rù ju ikú lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pẹ́ láyé báyìí ju bí iyè inú wọn ti ń pẹ́ lọ. Ìyá tó gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀ ní òwúrọ̀ lè tẹ̀ka sí ìwé títa ilẹ̀ ní ọ̀sán, bí ẹnì kan bá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ilé ẹjọ́ lè wọ́gi lé irú ìwé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ẹjọ́ náà lọ? Ìwé àṣẹ tí àgbà fi yan aṣojú lásán kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nígbà náà. Bí ọpọlọ ẹni tó fúnni láṣẹ bá ti lọ, àṣẹ náà ti bá a lọ. Abala 17 ìwé òfin Nàìjíríà sọ pé ìjọba yóò dáàbò bo àwọn arúgbó lọ́wọ́ ìrẹ́jẹ àti ìpatì. Abala 6 sì tún sọ pé ẹnikẹ́ni kò lè gbé ìjọba lọ sí kóòtù lórí irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Òfin ọdún 2015 lórí ìwà ipá, tó kan olú-ìlú Àbújá, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ti ṣe irú rẹ̀, ka fífi ẹni tó gbára léni sílẹ̀ láìsí ohun tí yóò jẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Síbẹ̀ àwọn òbí tí yóò fi ọmọ wọn sùn lábẹ́ òfin yẹn kò wọ́pọ̀. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Kò sí òkété tí í pe ọlọ́pàá.

Nítorí náà, ọmọ tó béèrè nígbà tí bàbá ṣì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì kò ṣe àìmoore. Ọ̀nà tó gbà béèrè ni a ó fi dá a lẹ́jọ́. Bí ó bá béèrè pé, "Èwo ni tèmi?" ojú ogún ni ó fi ń wo baba rẹ̀ lóòótọ́. Bí ó bá béèrè pé, "Bàbá, ta ni ẹ fẹ́ kí a máa tọ́jú, kí sì ni ẹ kò fẹ́ kí a ṣe?" kì í ṣe ohun ìní ni ó ń béèrè, ohùn bàbá ni.

Olùkọ́ ní ipa tirẹ̀ nínú èyí, pàápàá ní ìletò tí kò sí lọ́yà. Òun ni àwọn tí kò mọ̀wé ń wá bá kí ó bá wọn kọ nǹkan. Kò yẹ kí ó sá fún un, kò sì yẹ kí ó fi ojú kékeré wò ó. Òfin tí ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé béèrè pé kí ẹni tó bá wọn kọ ìwé kà á sí wọn létí ní èdè tí wọ́n gbọ́, kí wọ́n tó tẹ̀ka sí i, kí ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ilẹ̀ ni ó ti bàjẹ́ ní kóòtù nítorí pé ẹni tó kọ ọ́ gbàgbé ìlà kékeré yẹn. Bí ilé ńlá tàbí owó púpọ̀ bá wà níbẹ̀, kí ó sọ fún bàbá pé kí ó wá lọ́yà. Owó lọ́yà kan kéré sí owó lọ́yà mẹ́ta tí àwọn ọmọ yóò gbà.

Ohun kan sì wà tí kò sí lọ́yà tó lè kọ ọ́, tí àwọn àgbà sì ń gbé lọ sínú ilẹ̀ lójoojúmọ́. Ààlà ni. Oko tí kò ní ìwé ìwọnlẹ̀, pèrègún ni ó dá a yà sọ́tọ̀, tàbí odò kan tó ti gbẹ, tàbí igi ìrókò tí wọ́n ti gé láti ọdún mélòó kan. Bàbá mọ ibi tí kùkùté rẹ̀ wà. Ó mọ ẹni tó fún baba òun ní àyè ní apá òkè, ìdí tó fi fún un, àti iye ìṣákọ́lẹ̀ tí wọ́n ń san. Ní ọjọ́ kan nínú ìsinmi ọdún, nígbà tí àwọn ọmọ bá wá kí i, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì lè gbé e, kí ó mú wọn lọ sí oko, ọkùnrin àti obìnrin, kí wọ́n rin ààlà náà yíká, kí ọ̀kan nínú wọn sì mú ìwé àti kálàmù lọ́wọ́.